Pàtẹ ọjà Èkó: Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó kí ẹ tó gba ìsọ̀

Lọ́dọọdún, tí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ pàtẹ ọjà àgbáyé tó máa ń wáyé nílùú Èkó kì í pẹ́ dé etí àwọn oníṣòwò tó wà láwọn ìlú ẹnubodè ilẹ̀ Yewa. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti oníléeṣẹ́ ìlú Èkó, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LCCI, sábà máa ń fi ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá yóò kó ọjà wọn dé, àwọn àjèjì yóò ti ilẹ̀ òkèèrè wá, èrò yóò sì máa wọ́ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Òkè-Ọ̀dàn, Òwódè, Ìlaròó àti Ayétòrò, ibi méjì ni ọ̀rọ̀ náà máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ó yẹ káwọn náà gba ìsọ̀ níbẹ̀, káwọn fi ta gàrí àti epo pupa àwọn. Àwọn mìíràn á ní ìnákúnàá lásán ni, pé kí ni ará oko ń wá láàárín àwọn oníléeṣẹ́ ńlá?

Àwọn méjèèjì ló ní ibi tí wọ́n sọ òótọ́ dé, àwọn méjèèjì náà ló sì ṣì í. Ẹni tó ní kò sí ohun tó kan òun nínú pàtẹ ọjà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ sáré lọ gba ìsọ̀ nígbà tí kò tí ì débẹ̀ rí ń fi owó oko dá ara rẹ̀ lóró. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tó dáa jù fún oníṣòwò kékeré láti Òkè-Ọ̀dàn ni kó lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò lọ́dún àkọ́kọ́, kó lọ wò, kó béèrè, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì fáwọn ará agbègbè yìí kò fara sin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sáwọn ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Wọ́n ṣí àwọn ẹnubodè mẹ́rin kan, títí kan Sẹ̀mẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde pé àwọn ti ṣí ti Ìdírókò. Ó lé ní ọdún méjì ààbọ̀ tí ọ̀nà yẹn fi wà ní títì. Gbogbo ẹni tó ń jẹun lójú ọ̀nà náà ló mọ ohun tójú àwọn rí, bẹ̀rẹ̀ látorí awakọ̀ títí dórí ìyá tó ń ta oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí ọ̀nà àtijẹ ìlú kan jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Yewa ní ohun tó ń tà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹnubodè rárá. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín dáadáa. Gàrí ń bẹ, láfún ń bẹ, fùfú ń bẹ, epo pupa ń bẹ, àgbàdo náà ò gbẹ́yìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn alágbàtà ló ń wá bá àwọn tó ń ṣe é lọ́jọ́ ọjà, wọn yóò sọ iye tí wọ́n fẹ́ rà á, wọn yóò kó o sọ́kọ̀, ó di Èkó. Ẹni tó yan gàrí náà kò mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó, kò mọ irú ọ̀rá tí wọ́n ń dì í sí, kò sì mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí pàtẹ ọjà lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ kì í ṣe owó, ìmọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kéèyàn tó gbéra, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe pàtẹ ọjà àgbáyé Èkó, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńlá ńlá sí. Títí dòní, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ń pariwo “Trade Fair! Trade Fair!” ibẹ̀ ló ń pè. Ọjà gidi nibẹ̀ ti dà báyìí o. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn oníṣòwò tó kó kúrò ní Balógun náà ń bẹ níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ná an. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni LCCI ń pàtẹ ọjà tirẹ̀ sí mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí gbàgede Tafawa Balewa ní Oníkan, ní Erékùṣù Èkó, ibi tí wọ́n ti gba òmìnira lọ́jọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1960. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje ló wà lẹ́nu géètì rẹ̀, kò ṣeé ṣì mọ̀. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Trade Fair ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, tó sì ń wá pàtẹ ọjà kiri, yóò rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, kó tó kúrò nílé, kó rí i dájú pé òun ti gbọ́ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n kéde fún ọdún náà, kó má fi ti èṣí gbé e.

Ọ̀nà méjì ló rọrùn láti gbà débẹ̀ láti Òkè-Ọ̀dàn. Èèyàn yóò kọ́kọ́ jáde sójú títì Ìdírókò, yóò gba Òwódè dé Àtàn. Láti Àtàn, ó lè tẹ̀síwájú lọ sí Ṣàngó-Ọ̀tà, kó wọkọ̀ lọ sí Ìyànà-Ìpájà tàbí Òṣòdì, kó tibẹ̀ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí CMS tàbí Ọbáléndé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin dín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kù lè ya sí Agége, kó wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024, èyí tó ń ná Agbádó sí Òyìngbò, kó wá wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ dé CMS.

Ọ̀nà kejì ni kó yà ní Àtàn, kó gba Lúsàdá dé Agbára, kó bọ́ sójú títì márosẹ̀ Àgbádárìgì, kó bá a dé Mile 2. Mile 2 yìí ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń gbéra, tó sì ń bá èèyàn dé Marina láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń ṣiṣẹ́. Marina kò jìnnà sí Oníkan, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn ín. Ohun kan wà níbẹ̀ o: wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èrò lórí ọkọ̀ ojú irin yìí, káàdì Cowry ni wọ́n ń lò. Kéèyàn ra á ní ibùdókọ̀, kó sì fi owó sí i kó tó bọ́ sórí ìlà, kó má baà di ẹni tó ń dí àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Kó sì béèrè ìgbà tí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ń gbéra, kílẹ̀ má baà ṣú bá a síbẹ̀.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe nílé. Láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, Erékùṣù Èkó sì wà lára wọn. Ẹni tó bá gùn ún lè pàdánù owó àti àkókò, kódà ó lè dèrò ilé ẹjọ́.

Lọ́rọ̀ ọjọ́ tó yẹ kéèyàn lọ, ohun tó ń wá ni yóò sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ bá àwọn oníléeṣẹ́ sọ̀rọ̀, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀, lówùúrọ̀, nígbà tí èrò kò tí ì pọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday, èrò kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí ọjà ráyè dáhùn ìbéèrè méjì. Ẹni tó kàn fẹ́ ra ọjà lówó pọ́ọ́kú ló yẹ kó dúró di ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní í fẹ́ di ẹrù padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn, torí àwọn kan á ti palẹ̀ mọ́.

Oòrùn Èkó kì í ṣeré. Oṣù kọkànlá ni òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé, ooru sì máa ń mú gan-an nínú àgọ́ tí wọ́n fi tapólì bò. Òjò àrọ̀gbẹ̀yìn náà tún lè dé láìrò tẹ́lẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni kéèyàn wọ̀, kì í ṣe èyí tó fẹ́ fi ṣe fáàrí. Kó mú agbòjò dání, kó mú omi, kó sì jẹun kó tó wọlé, nítorí oúnjẹ inú ibẹ̀ máa ń wọ́n ju ti ìta lọ. Owó àbáwọlé wà ní ẹnu géètì. Ẹnu géètì náà ni kó ti san án, kó má san án fún ẹnikẹ́ni tó bá lé e bá lójú ọ̀nà. Kó pín owó rẹ̀ sí ibi méjì, kó má kó gbogbo rẹ̀ sápò kan ṣoṣo, nítorí àwọn ajáwó-lápò kì í fi CMS àti Òṣòdì sílẹ̀.

Ó ku ohun tó yẹ kó gbé dání. Kò sídìí tó fi yẹ kéèyàn gbé àpò gàrí lọ. Ìwọ̀nba kílò kan kan tó mọ́ nínú ọ̀rá tó dáa, tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí lára, ti tó. Márùn-ún tàbí mẹ́fà irú rẹ̀ lè ṣe ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù kan kò lè ṣe, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀. Kó mú ìwé àti gègé dání. Kó sì ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, bí i: èló ni ẹ̀rọ tó ń gé ẹ̀gẹ́, epo mélòó ló ń mu lójúmọ́, ta ló ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́, ibo ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà? Ẹni tí kò béèrè ìbéèrè kẹta yẹn, yóò ra ẹ̀rọ tí adìẹ yóò máa yé ẹyin sí nínú lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti báńkì náà máa ń ní àgọ́ níbi irú pàtẹ báyìí, ọ̀pọ̀ àlejò ló sì máa ń gba iwájú wọn kọjá bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Àwọn gan-an ló yẹ kí ará Òkè-Ọ̀dàn wá lọ. NAFDAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló lè sọ ohun tó gbà kí gàrí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tó ní orúkọ tó lè dé orí àtẹ sùpámákẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti CAC, nítorí náà ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. SMEDAN wà fún àwọn oníṣòwò kékeré, NEPC sì wà fún ẹni tó fẹ́ ta ọjà sókè òkun. Tẹ́nikẹ́ni kò bá rí iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO níbi pàtẹ náà, kó má bínú: Òṣòdì tó gbà kọjá ni ọ́fíìsì wọn wà. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ̀rọ gàrí sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ rírà wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó ń lo iná, kó ní kí wọ́n tan án lójú òun. Kó gba rìsíìtì tí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù gidi wà lórí rẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àgọ́ yẹn kò ní í sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tó tà á lè ti wà ní Kano tàbí Accra. Tó bá jẹ́ pé òun gan-an ló ta nǹkan, kó má gbé ọjà sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan fi àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì hàn án lórí fóònù. Orí fóònù tirẹ̀ ni kó ti rí i pé owó wọlé.

Rìsíìtì yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn fún ará ẹnubodè, èyí tí ará Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò ní í rò. Ojú ọ̀nà Ìdírókò ni yóò gbà padà, àwọn aṣọ́bodè sì ń dúró lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó bá gbé ọjà tuntun tó wá láti òkèèrè láìní ìwé kankan, ẹnu nìkan ni yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀, ẹnu nìkan kì í sì í tó níwájú aṣọ́bodè. Bákan náà lọ́rọ̀ rí tó bá ń lọ. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ka ìrẹsì òkèèrè tó ń gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé sí ẹrù òfin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àpò gàrí pé òun ń lọ síbi pàtẹ ọjà. Ẹrù ẹlẹ́rù ló ń ba ti ẹni jẹ́.

Àwọn kan á ní ṣebí ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ní gàrí kò fi ní í gba ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìṣirò ni kí wọ́n fi dáhùn. Ká sọ pé èrè tó wà lórí àpò gàrí kan jẹ́ 5,000 náírà. Ká sì sọ pé owó ìsọ̀, ọkọ̀ tó kó ẹrù, ibi tí èèyàn méjì yóò sùn sí fún ọjọ́ mẹ́wàá àti oúnjẹ wọn jẹ́ 500,000 náírà lápapọ̀. Àpò 100 ni olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ tà kó tó bọ́ nínú gbèsè, kò tí ì jèrè kọ́bọ̀ kan o. Ta ló ń gbé àpò gàrí jáde níbi pàtẹ ọjà nínú oòrùn Oníkan? Kílò kan tàbí méjì ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ lọ́jọ́ kan, tó padà sílé lálẹ́ tàbí tó sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Ọ̀tà, owó ọkọ̀ àti owó àbáwọlé ló ná. Tó bá rí oníbàárà kan ṣoṣo tó fẹ́ máa gba àpò mẹ́wàá lóṣù, ó ti jèrè ju ẹni tó dúró ti ìsọ̀ lọ.

Tó bá wá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, tí èèyàn ti mọ ibẹ̀, tí ọjà rẹ̀ ti ní ìwé, tí ọ̀rá rẹ̀ ti ní orúkọ, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tó kàn. Kódà nígbà yẹn, kó má dá nìkan gbà á. Àgbájọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí àwọn tó ń yan gàrí, àwọn elépo àti àwọn tó ń ṣe láfún ní Òkè-Ọ̀dàn àti agbègbè rẹ̀ para pọ̀ gba ẹyọ kan, kí wọ́n pín owó rẹ̀, kí wọ́n pín ọjọ́ tí oníkálukú yóò dúró tì í. Wọ́n tilẹ̀ lè kọ́kọ́ dán ara wọn wò nítòsí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Ìpínlẹ̀ Ògùn, OGUNCCIMA, máa ń ṣe pàtẹ ọjà Gateway ní Abẹ́òkúta, ìnáwó ibẹ̀ kò sì tó ti Èkó.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa tó wà ní Ìlaròó lè gbé bọ́ọ̀sì kan kalẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọjọ́ mẹ́wàá náà, kó kó àwọn tó ń ṣe nǹkan fúnra wọn lọ, kó sì kó wọn bọ̀. Ìyẹn kò tó owó tí wọ́n ń ná sórí ayẹyẹ kan. Àwọn olùṣètò pàtẹ náà sì lè tẹ ìwé pélébé jáde lédè Yorùbá, tí yóò sọ ọjọ́, ibi, owó àbáwọlé àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà débẹ̀. Kò bójú mu kó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń pàtẹ ọjà, kí ẹni tó ń ṣe oúnjẹ tí gbogbo Èkó ń jẹ má sì lè ka ìpè náà.

Títí dìgbà tí ìjọba yóò fi ṣe èyí, kí oníṣòwò má káwọ́ gbera. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀díẹ̀ tọ́jú owó ọkọ̀ láti ìsinsìnyí, kó wá ọ̀rá tó dáa, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kó sì wá ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń ṣe òwò kan náà kí wọ́n jọ lọ, torí ojú méjì ń rí ju ẹyọ kan lọ. Alágbàtà tó ń wá sọ́jà Òkè-Ọ̀dàn mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí ní Èkó, ìdí nìyẹn tó fi ń jèrè. Lọ́jọ́ tí ẹni tó yan gàrí náà bá mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dúnàádúrà lọ́jọ́ ọjà yóò yí padà.